Àwo Ti Rì ní Lẹ́kkí

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Keje. Òjò ti fi gbogbo òru lu páànù bí ẹni tó ti gba owó iṣẹ́ sílẹ̀. Mo yọjú sí títì láti wo ibi tí omi dé, ni mo bá rí aládùúgbò mi kan lórí ọmọlanke.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọkùnrin yìí fún yín. Kì í kí èèyàn. Bí ẹ bá kí i, gíláàsì jíípù rẹ̀ ló ń dáni lóhùn: yóò rọra gòkè, yóò sì pa dé. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ kóòtù dúdú, ó so táì pupa mọ́rùn, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó kó bàtà aláwọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke wà nínú omi dé ìdí, ó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mì o! Bí ẹ bá mì, gbogbo wa la máa lúwẹ̀ẹ́!" Bí wọ́n ṣe dé ọ̀kánkán mi, ọ̀gá wò mí, èmi náà wò ó. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé àdúgbò yẹn, ìkíni àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá leji ń pa. Ti Lẹ́kkí Phase 1 tún fi ọ̀kan lé e: òjò tiwa a máa kọ́ àgbàlagbà ní ẹ̀kọ́ ilé.

Kí ẹ má bàa rò pé olówó ni èmi náà, BQ ni mò ń gbé. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé ńlá, tí wọ́n kọ́ fún dírẹ́bà kí wọ́n tó rí i pé akọ̀wé lè san ju dírẹ́bà lọ. Owó tí mò ń san lórí rẹ̀ lọ́dún, bàbá bàbá mi ò rí irú ẹ̀ kójọ títí tó fi papò dà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi ìnáwó pé níbo ni mò ń gbé, ohùn mi á kọ́kọ́ yí padà, màá wá ní, "Fééèsì Wàn." Mi ò ní dárúkọ BQ. Ta ló ń sọ iye eyín ẹnu rẹ̀ fún ará ìta?

Ẹ ò lè mọ ohun tí omi ń wá lọ́dọ̀ wa bí ẹ ò bá kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Olófin Ògúnfúnmìnírè kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo lé orí omi, ó ní ibi tí àwo bá rì sí, ibẹ̀ ni kí òun àti àwọn èèyàn òun tẹ̀dó sí. Àwo ń lọ, wọ́n ń tẹ̀lé e, títí ó fi dé Ìṣẹri tó rì. Ẹni tó bá béèrè àwo lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Àwo ti rì." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n di Àwórì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ dé Ìdó, tí àwọn ọmọ Olófin fi pín ilẹ̀ Èkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì di àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun. Ẹ wo orúkọ wọn, ẹ ó rò pé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sè: oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ààfin Ìgà Ìdúngánrán sí, Oníru wà níbẹ̀, Ẹlẹ́gúṣì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rán àwọn ọmọ onílẹ̀ sí mi, mi ò ní plọ́ọ̀tì tí wọ́n lè gbà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé nígbà ayé Olófin, bí nǹkan bá rì síbì kan, àmì pé ibẹ̀ dára ni. Àṣà náà ò tíì parun. Ọdọọdún ni mọ́tò ń rì ní Lẹ́kkí, ọdọọdún náà ni ilé ń gbówó lórí sí i. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé tiwa ti gbà ní tirẹ̀, ó kàn ní kí àgbàrá bá ayálégbé san ìdajì rẹ́ǹtì.

Ìyá mi pè mí ní ọjọ́ ọmọlanke yẹn láti Kúdẹtì, n'Ìbàdàn. Wọn kì í kí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Àkànní, ṣé òjò ò tíì gbé ọ lọ?"

"Mo wà níbí, Màámi. Ẹ káàárọ̀ mà. Omi náà ò pọ̀ púpọ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Mo rí i nínú fóònù ọmọ Ìyá Ibeji. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn lójú títì yín. Ṣé nítorí èyí lo ṣe ń san gbogbo owó yẹn?"

Mo fẹ́ fèsì, àmọ́ ẹ mọ ará Ìbàdàn. Bí ẹ bá sọ wàhálà yín fún wọn, tiwọn á ti jù ú lọ. Màámi ní òjò wo ni mo ń pè lójò. Wọ́n ní ẹni tí kò bá rí Ògùnpa nígbà tó ya lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, kó lọ jókòó. Wọ́n ní Ògùnpa gbé mọ́tò bí ẹni gbé korobá, ó gbé ilé, ó gbé òkú àti ààyè. Èmi gan-an mọ ìtàn náà ju orúkọ mi lọ, nítorí gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Bí wọ́n ti parí ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó dùn mí: "Odò wo ló ya wọlé yín? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. Ní Ìbàdàn, odò lórúkọ: Ògùnpa, Kúdẹtì, Ọ̀nà. Bó bá bínú, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bẹ̀. Ní Lẹ́kkí, nọ́ńbà ni wọ́n fún ọ̀nà omi wa: Sístẹ́ẹ̀mù 156, Sístẹ́ẹ̀mù 157. Omi tí kò lórúkọ, tí kò ní oríkì, ta ló máa bọ̀wọ̀ fún un? Wọ́n kọ́ fẹ́ǹsì lé e lórí, wọ́n kọ́ ilé alájà mélòó kan tì í, àwọn kan fi yanrìn dí i pátápátá, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀sítéètì. Ìgbà tí Tokunbo Wahab, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí àyíká l'Èkó, kó katapílà jáde láti wó ohun tó dí ojú omi náà ni gbogbo ìlú tó gbọ́ pé odò kan tilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo dá Màámi lóhùn pé, "Ọgọ́rùn-ún lé ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, mà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé iye tí wọ́n ń gbà nìyẹn, àbí orúkọ?"

Ibì kan wà nínú ẹ̀fẹ̀ yìí tí ẹ̀rín ò ti ní dé eyín ẹ̀yìn. Nítòsí ibi tí à ń gbé yìí ni Maroko, àdúgbò àwọn tálákà, wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó nígbà náà, fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọlé, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló sì di aláìnílé. Lára ohun tí ìjọba ní ó fà á ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé omi lè bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n fi omi lé tálákà lọ, olówó wá sanwó kí òun lè wá bá omi gbé. Màámi bi mí pé ọmọ ibo ni gómìnà ọ̀hún. Mo ní ọmọ Ìbàdàn ni, bíi tiwa. Wọ́n ní káàdì fóònù àwọn fẹ́ tán.

Bí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àwọn èèyàn wa á gbàgbé. Ọmọlanke á padà sídìí ìrẹsì àti sìmẹ́ǹtì, gíláàsì jíípù á padà gòkè. Ooru á wá dé, tí ẹ̀rọ amúlétutù á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, tí ọmọ ilé yóò sì máa fi dúfé bora lábẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró di ìgbà ọyẹ́. Ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè ará Sókótó, tó ń la àtẹ́lẹsẹ̀ ará Òkè-Ògùn, òkun ti rẹ́ ẹ lára kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló máa ń fẹ́. Síbẹ̀, láàárọ̀ tí fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá fẹ́, ẹ ó rí àwọn ará àdúgbò mi nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, wọ́n fi sìkáàfù wé ọrùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní bó ṣe rí ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an nìyẹn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ìgbà wo ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní físà òun ń bọ̀.

Ká tó dórí ọtí, ẹ jẹ́ ká sọ ti omi mímu, nítorí ibẹ̀ ni ìtìjú wa wà. Omi kún títì, omi kún gọ́tà, ọ̀sà wà lápá ọ̀tún, òkun wà lápá òsì. Ẹ ṣí ẹ̀rọ inú ilé wò: ohun tó máa jáde, ẹ ó rò pé ẹnì kan ti po Bournvita sílẹ̀. Mo fi fọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan lẹ́ẹ̀kan, ó di aṣọ ọdẹ. Nítorí náà ni táńkà olómi fi ń la inú omi kọjá láti wá ta omi fún ẹni tí omi yí ká. Mo dúró wò ó ní ọjọ́ kan, bí dírẹ́bà táńkà ṣe ń fi igi wọn bí omi títì ṣe jìn tó kó tó lè gbé omi tirẹ̀ wọlé.

Ìjẹ̀ṣà ló kọ́ Èkó ní òwò yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn yín. Wọ́n kó João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsílì ní kékeré. Ibẹ̀ ló ti bí Candido ní 1860. Wọ́n padà wálé, wọ́n dé sí Èkó, ilé wọn ní òpópónà Kakawa sì ni gbogbo ìlú mọ̀ sí Ilé Omi, torí pé kànga wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará Èkó. Candido da Rocha lówó débi pé àwọn ará Èkó ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pa òwe ọrọ̀ lẹ́yìn tó kú ní 1959. Ẹni tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ kọjá òkun, tó padà wá ta omi! Bí ẹ bá mọ Òṣómàáló, bí wọ́n ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó, ẹ ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè mu omi Ìjẹ̀ṣà lófẹ̀ẹ́. Ilẹ́ṣà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Trophy, ọtí tí àwọn ará àdúgbò mi máa ń rọ sínú ife dúdú kí ẹnikẹ́ni má bàa rí orúkọ ìgò. Ẹ gbé ìgò yín sórí tábìlì, ẹ̀yin èèyàn! Láti 1949 tí Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Ìgánmú ni àwọn baba yín ti ń mu bíà ní gbangba, wọn ò fi dúdú bò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ilé kọfí kan nítòsí Admiralty Way. Wọ́n fún wa ní ìwé tí wọ́n to ohun mímu sí, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ìdin. Mo rí nǹkan kan tí wọ́n fi òdòdó àti oyin ṣe àpèjúwe rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, nítorí ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ sanwó. Ó dé nínú ife onígíláàsì gíga, ewé efinrin kan dúró lé e lórí bí òpó iná. Mo tọ́ ọ wò. Zobo ni! Zobo tí Ìyá Sódíìkì ń rọ sínú ìgò omi ní Jákàńdè, tí wọ́n ń tà ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí wọ́n tún ń fi ata ilẹ̀ sí dáadáa ju èyí lọ. Ìṣápá tí Màámi fi ń se ọbẹ̀ ni ìbátan rẹ̀ gan-an. Mo sọ ọ́ sókè. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹsẹ̀ gún mi lábẹ́ tábìlì.

Ti ẹmu ló tún jù. Wọ́n gbé e wá sí ibi àpèjẹ kan nínú ìgò tí wọ́n lẹ bébà mọ́, tútù nini. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó bá ti ń kán sínú akèrègbè ló ti ń pọn; tó bá dùn láàárọ̀, ó ti ń ta ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá fi di ọ̀túnla, ẹ fi pa ẹja lóòórùn. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé tirẹ̀ sínú ife wáìnì, ó di ìdí ife mú bí ẹni di abẹ́rẹ́ mú, ó yí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó di ojú. Ó ní, "Ó dà bíi pé igi kan wà nínú rẹ̀." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí igi ló ti wá." Inú bí i.

Àwọn kan náà yìí ló ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alágbo lábẹ́lẹ̀. Mo mọ̀, torí a jọ ń pàdé níbẹ̀. Aago mẹ́fà ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, jíípù á dúró lẹ́bàá títì, gíláàsì á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ kan á yọ jáde. "Jẹ̀dí, mà. Kẹ́ẹ fi ọpa ẹ̀yìn díẹ̀ sí i." Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á máa sọ fún yín pé omi ewé aláwọ̀ ewé kan láti Jàpáánì ni àṣírí ara wọn.

Ó wá ku ìran. Láti 2013 tí wọ́n ti ṣí afárá tó so wá mọ́ Ìkòyí, gbogbo èèyàn ló ti di ọmọ Ìkòyí. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ pé ọmọ Ìkòyí pọ́ńbélé ni òun. Bàbá àgbà kan tó jókòó sí ìdí ìlù gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀ṣọ́! Ọmọ ogun!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ọmọ Oníkòyí, Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin, àwọn tí kì í sá lójú ogun ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀gbẹ́ni ò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ogun kan ṣoṣo tí òun ti jà rí ni ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyẹn náà dírẹ́bà ló jà á. Ó fi owó lẹ̀ mọ́ iwájú bàbá kí wọ́n lè dákẹ́. Bàbá rí owó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, Màámi wá kí mi. Àlejò obìnrin kan dé sí ilé ńlá tó wà níwájú BQ mi, láti Àtìláńtà ní Amẹ́ríkà. Ó ti tu itọ́ sínú ìgò kékeré, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ pé apá kan rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà, apá kan jẹ́ Benin àti Togo. Ó gbé fóònù náà fún Màámi wò. Màámi bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Benin báwo? Ṣé Kétu ni, àbí Ṣábẹ̀ẹ́? Togo ńkọ́, ṣé Atakpamẹ́ ni? Ilé kan náà ni gbogbo ẹ̀ jàre." Wọ́n di àgbọ̀n ọmọbìnrin náà mú, wọ́n yí ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́ ni. Mo mọ iwájú orí yìí." Ọmọbìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n omi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí tó fi lọ, ẹni tó bá pè é ní orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní dáhùn.

Ọmọ ilé ńlá náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, dúró tì wá nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Ó bi mí pé ṣé òun náà ní oríkì. Mo ní ó ní láti ní, kó lọ bi bàbá rẹ̀. Ó lọ, ó dé. Ó ní dádì òun ní òun ò rántí, pé kí n bá òun wò ó bóyá ó wà lórí Netflix.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe ìlérí pé ẹ ń bọ̀ wá kí mi, ẹ wá kó tó di oṣù Karùn-ún. Bí ó bá di oṣù Keje, ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ gbé omi mímu yín dání, kí ẹ sì ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ fún ọmọlanke. Kò gba tiránsífà.